Ọ̀rọ̀ Kan Tí Kòtíìgbẹ Ń Fi Dọ́la

Irọ́ tí Kòtíìgbẹ pa mọ́ ẹ̀gbọ́n olólùfẹ́ rẹ̀ kò gùn rárá. Ẹni tó bá ń mu omi lọ́wọ́ á gbọ́ ọ tán kó tó gbé ife kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irọ́ yìí sì balẹ̀ sí àárín ilé onílé, ó fọ́ ilé náà sí méjì.

Ká tó dé ibi irọ́, ká kọ́kọ́ sọ bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ káfíńtà ni ọkùnrin náà ń ṣe, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é ní Káfíńtà. Kòtíìgbẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí o bá gbéṣẹ́ fún un, tí o sì padà wá lọ́jọ́ tó dá fún ọ, yóò fa pákó kan yọ, yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò mi orí bíi dókítà tó ń wo aláìsàn. "Pákó yìí kò tíì gbẹ o. Bí mo bá kàn án báyìí, á wọ́. Ẹ padà wá lọ́la." Ọ̀la á dé, pákó ò ní tíì gbẹ. Oòrùn á máa ran débi pé alángbá ń wá ibòji, pákó Kòtíìgbẹ nìkan ni yóò ṣì tutù.

Ilé búrẹ́dì kan ló ti pàdé ọmọbìnrin náà, níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní kó wá tún pẹpẹ tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí kàn. Ìgbà tó fi máa dé, búrẹ́dì ti jáde nínú iná, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbé e sí. Ọmọbìnrin náà dúró láàárín ilé, ó fi aṣọ di páànù gbígbóná mú, fúláwà wà lójú rẹ̀, ó wà nínú irun rẹ̀.

"Ìwọ ni káfíńtà?"

"Èmi ni."

"Àná la ní kí o wá."

"Ẹ má bínú. Pákó tí mo fẹ́..."

"Kò tíì gbẹ. Mo ti gbọ́ ìròyìn rẹ. Wá gba páànù yìí, kí ọwọ́ tìrẹ náà jóná díẹ̀, bóyá ara rẹ á yá."

Ó gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ jóná lóòótọ́. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín tiẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn àwọn méjèèjì ti fà mọ́ra. Kòtíìgbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ayọ̀ Mi. Pẹpẹ náà? Ó pẹ́ kó tó kàn án tán, nítorí kò fẹ́ kí ohun tó ń mú un wá síbẹ̀ tán.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Bó bá ní ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni. Bó bá ní òní, òní náà ni. Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá rí òun lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Kòtíìgbẹ kò kọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dan bàtà rẹ̀ títí bàtà fi ń dán bíi dígí. Ó wọ aṣọ. Ó kù kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ló bá rí i pé ayùn rẹ̀ kan ti kú. Ó ní kí òun pọ́n ọn kíákíá. Lẹ́yìn ìyẹn ó pọ́n èkejì. Ó pọ́n gbogbo ayùn tó wà nílẹ̀. Ó ṣa ìṣó kéékèèké sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣó ńláńlá. Ó gbálẹ̀. Ó tún ilẹ̀ tó ti gbá gbá. Ní gbogbo ìgbà náà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lọ láìpẹ́. Ìgbà tó fi máa gbójú sókè, oòrùn ti wọ̀. Ojú tì í láti pẹ́ báyẹn kó tó lọ sílé èèyàn. Ó ní ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà dé sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú tó ti wú.

"Bàbá wọ kóòtù rẹ̀," ó wí. "Kóòtù náà, ìkan ṣoṣo tó dára. Ó jókòó dè ọ́ títí ó fi sùn sórí àga. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ?"

Kòtíìgbẹ yanu. Bó bá ní ayùn ni òun ń pọ́n, ta ló máa gbọ́ irú èyí kó má rẹ́rìn-ín? Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti bá ẹnìkan.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mo ti dé ìkóríta yín. Ó dá mi dúró, ó ní bí mo bá fẹsẹ̀ kan ilé yín, òun á dá mi lẹ́sẹ̀."

Irọ́ náà nìyẹn.

Ó sì wọlé bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kò fẹ́ràn Kòtíìgbẹ, gbogbo ayé mọ̀. Bó bá rí i láàárín ọjà, á pariwo: "Ọkọ àfẹ́sọ́nà, ṣé pákó ti gbẹ?" Òun àti bàbá rẹ̀ náà kò sì rẹ́ nígbà yẹn, nítorí ó ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì tí bàbá bá a wá sílẹ̀, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa tírélà. Ọmọkùnrin náà búra títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá kò gbọ́. "Ẹni tó lé àlejò mi dànù," bàbá wí, "kó wá ilé tirẹ̀ lọ." Ọmọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan, ó lọ.

Ìròyìn dé etí Kòtíìgbẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó ní òun á lọ lọ́la, òun á lọ tú u, òun á ní ìtìjú ló mú òun sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀la dé. Pákó kò tíì gbẹ.

Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ìgbéyàwó nínú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ọmọbìnrin náà sunkún, ó dúró díẹ̀, ó tún dúró sí i. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ kò lójú, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan nílùú mìíràn. Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá wọn kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Kòtíìgbẹ rí ẹ̀gbọ́n náà, tó ti di awakọ̀ tírélà, lẹ́yìn ọgbà, ó dá dúró, ó di fìlà mú lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n lókèèrè. Kòtíìgbẹ ní òun á lọ bá bàbá bí ìsìnkú bá parí. Ìsìnkú parí. Ó ní ọ̀fọ̀ ṣì wà lára wọn, kí òun jẹ́ kó fi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì pé títí tí a fi dé ibi tí a wà yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kòtíìgbẹ jókòó sí iwájú àga kan tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, ó ń wo àga, àga ń wò ó. Òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé pákó ti gbẹ?"

Kó tó yíjú ló ti mọ ohùn náà. Ìfági bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ nìyí?"

"Èmi nìyí. O ti sanra díẹ̀."

"Ìwọ ò sanra ní tìrẹ."

"Irọ́ ni, mo sanra. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ láàárọ̀, búrẹ́dì ni mò ń jẹ lálẹ́." Ó wo yíká ṣọ́ọ̀bù. "O gbéyàwó?"

"Mi ò gbé. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹnìkan fẹ́ fẹ́ mi lọ́hùn-ún. Ó máa ń dé kí n tó pè é. Kò wù mí." Ó fọwọ́ tẹ àga náà wò. "Bàbá ti darúgbó, mo ti padà wálé. Mo gba ilé kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò yìí, mo fẹ́ dá ilé búrẹ́dì tèmi sílẹ̀. Tábìlì tí màá máa po fúláwà lé ni mo wá fún. Kó nípọn, kó má máa mì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn."

"Á ti parí."

Ní òdìkejì ọ̀nà, ìyá kan tó ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Aránṣọ, bú sẹ́rìn-ín lórí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ọmọ mi, ọjọ́ Ajé ti ọdún wo? Jẹ́ kó kọ ọdún náà sílẹ̀ fún ọ o! Àpótí aṣọ tó ní òun ń kàn fún mi, ọmọ tí mo fi ránṣẹ́ sí i ti bímọ."

Kòtíìgbẹ yan pákó tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó nù ún. Ó tò ó sílẹ̀. Ó gbé ayùn. Ó gbé ayùn kalẹ̀. Ó lọ mu omi. Ó padà, ó rí i pé fèrèsé ń dún, ó tún fèrèsé ṣe. Ó lọ bá ẹnìkan ládùúgbò gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Kò jókòó, kò sùn lọ́sàn-án, àágùn bò ó. Pákó sì sùn síbi tó sùn sí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ dé àárín, obìnrin náà yọjú. Ó wo pákó, kò rí ojú ayùn kankan lára rẹ̀. Kòtíìgbẹ ti yanu láti sọ ohun tó máa ń sọ. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó dojú àpótí kan dé, ó jókòó lé e.

"Mi ò wá jà. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Bí o bá gbé ayùn, tí o tún gbé e kalẹ̀, kí ló máa ń wá sí ọ lọ́kàn?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yìí rí. Wọ́n ti bú u. Wọ́n ti pè é ní ọ̀lẹ, ní afònídónìí-fọ̀ladọ́la. Ìyá tó bí i pàápàá a máa sọ pé ọjọ́ tí òun fẹ́ bí i, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó bi í léèrè.

Ó fọwọ́ ra pákó náà. "Bó ṣe wà yìí," ó wí, "tábìlì tó dára jù láyé ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti gé e, á di tábìlì tèmi lásán."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ló ń bà ọ́ nígbà náà. Kì í ṣe ọ̀lẹ."

"Ọ̀lẹ a máa sùn. Èmi kì í rí oorun sùn. Bí mo bá ń sá fún iṣẹ́ kan, mo lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù láyé."

"Dìde. Tẹ̀ lé mi."

Ó mú un lọ sí ilé búrẹ́dì tó fẹ́ ṣí. Ó da fúláwà sínú abọ́ ńlá kan, ó fi yíìsì sí i, ó gbé ìkòkò omi dání.

"Èmi náà, bí mo bá jí, tí mo ronú gbogbo búrẹ́dì tó yẹ kó jáde lọ́jọ́ náà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n padà sùn. Nítorí náà n kì í ronú búrẹ́dì. Mo máa ń sọ fún ara mi pé omi lásán ni mo fẹ́ dà." Ó da omi náà. "Ó tán. Omi ti kan fúláwà. Kò sí pé mò ń bọ̀ lọ́la mọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, yóò máa lé mi káàkiri ilé títí màá fi dáná. Wàhálà mi ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti di wàhálà fúláwà. Lọ gé pákó kan. Má ṣe tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o fi ayùn là á, lójú mi."

Wọ́n jọ padà sí ṣọ́ọ̀bù, Kòtíìgbẹ sì gbé ayùn. Ayùn yà díẹ̀. Ṣùgbọ́n pákó gé, pákó tó gé kò sì ṣeé lẹ̀ padà. Ó wò ó pẹ̀lú ìpayà, ó mú èkejì kó lè bá a mu. Ó ń ṣe é lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé tábìlì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ kọjá. Ìyá Aránṣọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

Obìnrin náà fọwọ́ pa tábìlì láti orí dé ìdí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ní igun kan.

"Ibí yìí wọ́."

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà náà, ìfẹ́ wọn kò tún ní kí ẹnikẹ́ni fi iná sí i. Lójoojúmọ́ ni Kòtíìgbẹ ń lọ jẹ búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí obìnrin náà ń po fúláwà lọ́wọ́, Kòtíìgbẹ ní, "Ayọ̀ Mi, fẹ́ mi."

"Nígbà wo?"

"Lónìí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó kún fún fúláwà gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. "Ìwọ tí o kì í kánjú!"

Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ bàbá. Bàbá di ọwọ́ Kòtíìgbẹ mú nínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọmọ mi," ó wí, "nínú ilé tèmi ni wọ́n ti ṣẹ̀ ọ́. Ọmọ tí mo bí ló lé ọ dànù. Má bínú sí wa."

Kòtíìgbẹ fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Bàbá, ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn..."

"Má sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ fún wa. Ó ti tán."

Kòtíìgbẹ sì jẹ́ kó tán. Ó dúró níbẹ̀, ó jẹ́ kí bàbá àgbà máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ máa ń rántí; ẹni tó bá ṣẹ̀ nìkan ló máa ń wí pé ó ti tán.

Bí wọ́n ṣe ń padà, obìnrin náà so ọwọ́ kọ́ ọ lápá. "Mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni, mi ò lè ṣègbéyàwó kó má sí níbẹ̀. Mo ti fẹ́ dárí jì í. Àmọ́ Bàbá ní kó tó lè jókòó sí ilé òun, á kọ́kọ́ wá bẹ̀ ọ́ lójú gbogbo wa."

Kòtíìgbẹ dúró lójijì. "Kí ló wí?"

"Ó dákẹ́, mo rò pé ó ti pa fóònù. Ó wá ní òun á wá lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Kí òun sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà dá. Apá obìnrin náà wà lápá rẹ̀, ó gbóná. Bó bá sọ ọ́, apá náà á kúrò. Bóyá títí láé. Ó ní kí òun jẹ́ kí wọ́n délé ná.

Nǹkan tó wá ṣẹlẹ̀ ya àdúgbò lẹ́nu. Kòtíìgbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í parí iṣẹ́! Àga tó ń wò ó láti ọjọ́ yìí, ó kàn án tán. Ó kan ilẹ̀kùn tí onílé rẹ̀ ti fi aṣọ dí àyè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kan àpótí Ìyá Aránṣọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ bá a.

"Ẹ wá wò ó o!" Ìyá Aránṣọ ń pariwo, ó ń jó yí àpótí ká. "Kòtíìgbẹ ti gbẹ! Ìfẹ́ ń ṣiṣẹ́ nílé ayé! Ọkọ ìyàwó, kí ni wọ́n fún ọ jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sídìí ayùn. Òun nìkan ló mọ̀ pé òun kò yí padà. Gbogbo àga yẹn, gbogbo ilẹ̀kùn yẹn, bí ẹni ń pọ́n ayùn lọ́jọ́ Àìkú ọjọ́sí ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ fún un, kò sì ní pákó nínú. Ó ń kan ìṣó kí ó má baà gbọ́ ọkàn rẹ̀. Bí ìṣó bá tán, á máa rìn: láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, láti ògiri dé ẹnu ọ̀nà.

Ó gbìyànjú ọgbọ́n omi tí obìnrin náà kọ́ ọ. Ó lọ sí ilé búrẹ́dì, ó ní gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni òun fẹ́ sọ.

"Ayọ̀ Mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

Obìnrin náà gbójú sókè. Ojú yẹn, tó funfun fún fúláwà, tó kún fún ìgbẹ́kẹ̀lé! "Sọ ọ́."

"Búrẹ́dì òní..." ó wí. "Búrẹ́dì òní dùn."

Ó kù ọ̀la kí wọ́n pàdé nílé bàbá, ni tírélà kan dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Èjìká tó fi ń dá ọjà rú tẹ́lẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," Kòtíìgbẹ wí.

"Ṣé pákó ti gbẹ?" Awakọ̀ náà fẹ́ fi ṣàwàdà, àmọ́ àwàdà náà kò dìde. Ó jókòó. "Mi ò ní pẹ́. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan kí a tó dé iwájú Bàbá. Ọjọ́ yẹn, ṣé lóòótọ́ ni mo pàdé rẹ?"

Kòtíìgbẹ gbé ìfági, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Má bínú pé mò ń bi ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dá mi lójú pé mi ò rí ọ. Mo búra. Àmọ́ èmi nìkan ni mò ń wí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mo ṣe é. Bí gbogbo èèyàn bá ń sọ pé o ṣe nǹkan, tí ìwọ nìkan dá wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà gígùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ́ bíi pé orí rẹ ni kò pé. Mo máa ń mutí nígbà yẹn. Bóyá mo mutí lọ́jọ́ náà. Bóyá mo gbàgbé." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo ti ṣetán láti bẹ̀bẹ̀. Bàbá ti darúgbó. Ṣáà sọ ohun tí mo wí fún ọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Bó bá ṣe pé Kòtíìgbẹ sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, ìtàn yìí ì bá ti parí lọ́nà tó rọrùn ju èyí lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ, "ẹ jẹ́ ká dé ilé. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́la."

Awakọ̀ náà mi orí, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́! Nígbà tí tírélà lọ tán, Kòtíìgbẹ dì mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, yàrá àlejò bàbá mọ́ tónítóní. Wọ́n ti ká aṣọ fèrèsé sókè, ariwo àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń wọlé. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀. Etí rẹ̀ ti wúwo gan-an, a máa gbé ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kó tó lè gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Obìnrin náà àti Kòtíìgbẹ jókòó pọ̀ sórí àga gígùn, ọwọ́ obìnrin náà wà lórí tirẹ̀.

Awakọ̀ wọlé, fìlà lọ́wọ́. "Ẹ káàsán, Bàbá."

Bàbá kò wo ojú rẹ̀. "Sọ ohun tí o bá wá."

Ọkùnrin ńlá náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé tí wọ́n bí i sí.

"Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni. Bàbá, ẹ forí jì mí. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Ọkọ àbúrò mi, ọjọ́ yẹn tí mo... tí mo dá ọ dúró ní..." Ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọ lẹ́nu. Ó gbójú sókè wo Kòtíìgbẹ bí àlejò tó ń bèèrè ọ̀nà. "Ìkóríta ni, àbí? Ṣé ìkóríta ni?"

Ohùn kan wà nínú Kòtíìgbẹ tó ní: jẹ́ kó parí. Ẹ ṣègbéyàwó ná. Bí ara bá ti tù yín, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, o ó sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́la. Ó mọ ohùn náà dáadáa. Òun ló ń bá a gbé láti kékeré. Kò tíì bá a sọ òótọ́ rí.

Ó dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde nílẹ̀."

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀bẹ̀ mi."

"Kò sí ohun tí ẹ máa parí. Ẹ ò pàdé mi." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ lọ kí ó má baà dúró. "Mi ò dé ìkóríta kankan lọ́jọ́ náà. Mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ayùn ni mò ń pọ́n. Ẹ̀rù Bàbá ń bà mí, mò ń sọ pé màá lọ láìpẹ́, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n bi mí, ojú tì mí, mo fi orúkọ yín bo ojú mi. Mo fẹ́ wá tú u lọ́jọ́ kejì. Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ wá tú u."

Awakọ̀ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fi di orí ara rẹ̀ mú.

"Orí mi pé," ó wí jẹ́jẹ́. "Háà. Orí mi pé."

Obìnrin náà dìde. Kò pariwo, kò sì wo Kòtíìgbẹ. Ó gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi orí ti èjìká rẹ̀. "Nígbà tí Màmá kú, mo rí ọ lẹ́yìn ọgbà," ó wí. "Mo rí ọ, mo yíjú sápá kan."

"Kí ni wọ́n ń wí?" Bàbá gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló ń pọ́n ayùn?"

Kòtíìgbẹ wo obìnrin náà bí ẹni tó ń tọrọ omi. Obìnrin náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Bàbá ò gbọ́. Tún un sọ."

"Ayọ̀ Mi, jọ̀ọ́..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Bóyá màá fẹ́ ọ, bóyá mi ò ní fẹ́ ọ, mi ò mọ̀. Má bi mí lónìí. Lọ síbi etí Bàbá, kí o sọ ọ́ sókè."

Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ àga bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa èémí, ó sì sọ ọ́ débi pé àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró, wọ́n yíjú sí fèrèsé:

"Bàbá, ọmọ yín kò lé mi! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn!"